Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Àmọ̀tẹ́kùn ní Igbó Yala àti Wilpattu ní Sri Lanka

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń tìtorí àmọ̀tẹ́kùn lọ sí Sri Lanka. Wọ́n á wọ jíìpù fún wákàtí mẹ́rin, wọ́n á jẹ eruku yó, fọ́tò ọ̀kín ni wọ́n á sì gbé padà sí òtẹ́ẹ̀lì. Kì í ṣe pé ẹranko náà ò sí níbẹ̀. Yala wà lára ibi tí àmọ̀tẹ́kùn ti pọ̀ jù lọ láyé tí a bá fi wé bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kò sì sí kìnnìún tàbí táígà ní erékùṣù náà tó lè máa halẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ló jẹ́ kó máa rìn lójú ọ̀nà ní ojúmọmọ. Eré sísá ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Awakọ̀ kan á gbọ́ lórí fóònù pé wọ́n ti rí i níbì kan, á tẹ jíìpù mọ́lẹ̀, ogún jíìpù mìíràn náà á ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó débẹ̀ ẹran ti wọgbó lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó de ẹranko, tí kò fẹ́ máa lé e kiri, ni mo kọ èyí fún.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní kí ẹ tó kúrò nílé

- Ọjọ́ tó tó. Ẹ ṣètò pé ẹ máa wọ igbó kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó kéré tán. Ẹni tó wọlé lẹ́ẹ̀kan péré ń ta tẹ́tẹ́ ni.
- Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Bírítéènì tàbí ti Amẹ́ríkà lè gba ETA, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwọ̀lú tí wọ́n ń gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti Nàìjíríà máa ń gba àkókò àti àyẹ̀wò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má sanwó ọkọ̀ òfurufú kí ìwé àṣẹ tó tẹ̀ yín lọ́wọ́.
- Yẹ́lò káàdì, bó bá jẹ́ Nàìjíríà, Benin tàbí Togo lẹ ti ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára yín kí ẹ tó débẹ̀. (Èyí tí wọ́n tẹ̀ fún yín láìgún yín lábẹ́rẹ́ kò lè dáàbò bo ara yín, ẹ̀yin náà mọ̀.)
- Báínọ́kúlà. 8x42 (tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po mẹ́jọ, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 42) ló dára jù: kò wúwo, ó sì ń gba ìmọ́lẹ̀ dáadáa ní ìdájí. Bí owó bá kéré, ẹ rà á kí ẹ tó ronú lẹ́ńsì kámẹ́rà.
- Aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ilẹ̀, pẹ̀lú gèlè tàbí ìborùn fífúyẹ́ tí ẹ máa fi bo imú. Eruku ibẹ̀ pupa, ó sì ń wọ inú ohun gbogbo. Ẹ fi funfun sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì.
- Ìke omi tí ẹ lè tún rọ omi sí, àti oúnjẹ nínú abọ́. Wọn kì í gba ọ̀rá wọlé.
- Òróró tí ń lé ẹ̀fọn. Àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ọdún 2016 pé ibà ti tán ní Sri Lanka, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ọ̀sán tó ń gbé àìsàn dengue kiri ṣì wà níbẹ̀.
- Owó rupee lọ́wọ́. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé káàdì báńkì nìkan.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mú igbó kan, kí ẹ sì mú àsìkò rẹ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọ́kọ́ ṣìnà nìyí: wọ́n á fẹ́ rí Yala lónìí, Udawalawe lọ́la, Wilpattu lọ́túnla. Inú mọ́tò ni ìsinmi wọn máa tán sí.

Yala wà ní gúúsù ìlà-oòrùn erékùṣù náà. Ó fẹ̀ tó kìlómítà 979 níbùú lóòró, ìjọba pín in sí ọ̀nà márùn-ún, èyí tí wọ́n ń pè ní Block 1 sì ni àwọn àlejò ń rọ́ lọ, torí pé ibẹ̀ ni àmọ̀tẹ́kùn ti pọ̀ jù, tí igbó sì ṣí sílẹ̀ dáadáa. Àpáta ńláńlá wà káàkiri, adágún wà, òkun náà wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Wilpattu wà ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, òun ló tóbi jù ní orílẹ̀-èdè náà, ó lé ní kìlómítà 1,300. Wọ́n tì í pa fún ọdún púpọ̀ nígbà ogun abẹ́lé, ọdún 2010 ni wọ́n tó tún un ṣí. Igbó rẹ̀ dí, ojú ò sì lè rí jìnnà níbẹ̀, àyàfi létí àwọn adágún òjò tí wọ́n ń pè ní villu.

Ojú tèmi ni pé ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ọjọ́ rẹ̀ ò sì pọ̀, kó lọ sí Yala. Ẹni tí ariwo ń bí nínú, tó sì lè sanwó ọjọ́ kan gbáko, Wilpattu ni kó lọ. Jíìpù ò pọ̀ níbẹ̀ rárá, bí ẹ bá sì rí àmọ̀tẹ́kùn, ó lè jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa wà pẹ̀lú rẹ̀.

Fún Yala, láti oṣù Kejì sí oṣù Keje ló dára jù. Bí ọ̀dá bá ti ń mú, àwọn kòtò omi kéékèèké á gbẹ, ẹranko á wá máa kó jọ sétí àwọn tó kù. Ní oṣù Kẹfà àti Keje, èso igi palu á pọ́n, béárì á sì jáde wá jẹ ẹ́. Béárì Sri Lanka ṣòro rí ju àmọ̀tẹ́kùn gan-an lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rí méjèèjì, oṣù méjì yìí ni kó mú.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n máa ń ti Block 1 láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án títí di àárín oṣù Kẹwàá nítorí ọ̀dá. Àwọn kan á ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì tán kí wọ́n tó gbọ́. Èkejì ni ọjọ́ Poya, ọjọ́ òṣùpá àrànmọ́jú, tó jẹ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú lóṣooṣù, tí ọ̀nà sì máa ń kún. Ẹ̀kẹta ni àjọ̀dún Kataragama ní oṣù Keje tàbí Kẹjọ. Àwọn arìnrìn-àjò ẹ̀sìn máa ń fẹsẹ̀ rin inú igbó Yala kọjá kí wọ́n tó dé ojúbọ, yàrá á sì wọ́n gógó ní gbogbo àyíká.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ to ọjọ́ mẹ́ta yín sílẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí Sátidé, Sunday tàbí Poya, ẹ sún un.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá awakọ̀ kí ẹ tó wá òtẹ́ẹ̀lì

Tissamaharama, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tissa, ni ìlú tí wọ́n ti ń lọ sí Yala. Awakọ̀ jíìpù kún ibẹ̀ bámúbámú. Owó wọn ò jìnnà síra. Ìwà wọn ló jìnnà síra. Òtẹ́ẹ̀lì yín á fẹ́ bá yín pe èyí tó mọ̀. Ẹ gbà, ṣùgbọ́n ẹ ní ẹ fẹ́ bá awakọ̀ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Ẹ gba jíìpù tiyín, ẹ má bá àjèjì pín in. Ní inú jíìpù elẹ́ni mẹ́fà, ẹnì kan á fẹ́ wo ẹyẹ, ọmọdé kan á fẹ́ wo erin, ìyàwó ẹnì kan á ti fẹ́ lọ tọ̀. Ẹni tó fẹ́ jókòó dúró fún ogójì ìṣẹ́jú níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí nǹkan kan kò lè ṣe é níbẹ̀.

Bí awakọ̀ bá dàgbà jù yín, ẹ pè é ní *aiya*, bí a ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n. Bó bá kéré, *malli* ni, bí àbúrò. Ọ̀wọ̀ yìí máa ń mú kí ojú tó fi ń wò yín yí padà lọ́gán. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì sọ ọ́ kó yé e:

1. A ò fẹ́ sáré. *Hemin, hemin*: jẹ́ẹ́jẹ́ ni ká máa lọ.
2. Bí wọ́n bá pè ọ́ lórí fóònù pé àmọ̀tẹ́kùn wà níbì kan, kọ́kọ́ bi wá bóyá a fẹ́ lọ.
3. Bí a bá dúró, pa ẹ́ńjìnnì.
4. Bí a ò bá tilẹ̀ rí àmọ̀tẹ́kùn, owó ìdúpẹ́ rẹ ò dín.

Ẹ má fojú kékeré wo ìkẹrin yìí o. Ìdí tí awakọ̀ fi ń sáré ni pé ó gbà gbọ́ pé àlejò tí kò bá rí àmọ̀tẹ́kùn kò ní fún òun ní nǹkan kan. Ẹ bá a mú ẹ̀rù yẹn kúrò lọ́kàn, ẹ ó rí i pé àwọn kan nínú wọn mọ igbó ju bí wọ́n ṣe ń fi hàn lọ. Wọ́n kàn ti dẹ́kun fífi ìmọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ ni, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdajì ọjọ́ àbí odindi ọjọ́ ńkọ́? Ìdajì ọjọ́ àárọ̀ máa ń jẹ́ aago mẹ́fà sí mẹ́wàá, ti ìrọ̀lẹ́ jẹ́ aago méjì sí mẹ́fà. Odindi ọjọ́ gbówó lórí, ṣùgbọ́n ní aago mẹ́wàá ọ̀pọ̀ jíìpù á ti jáde, igbó á dákẹ́, ẹran á sì máa yọ wá sétí omi. Tí mo bá ní kí n ṣètò rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, máa mú ìrọ̀lẹ́ kan láti fi mọ ọ̀nà, lẹ́yìn náà odindi ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà àárọ̀ kan.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ bi awakọ̀ pé aago mélòó ló máa wá gbé yín. Bó bá sọ pé aago mẹ́rin ààbọ̀ tàbí márùn-ún, iṣẹ́ ti ń lọ. Bó bá sọ pé mẹ́fà, ẹ wá ẹlòmíì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹnu ọ̀nà

Aago mẹ́fà ìdájí ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í. Palatupana ni ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà, ìlà jíìpù ibẹ̀ á sì ti gùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Katagamuwa, tó súnmọ́ ìlú Kataragama, kì í kún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ bi awakọ̀ yín bóyá ó lè gba ibẹ̀.

Iye tí wọ́n pè fún yín gẹ́gẹ́ bí owó ìwọlé kì í ṣe òun nìkan lẹ máa san. Owó orí wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó iṣẹ́ wà fún gbogbo yín lápapọ̀, owó ọkọ̀ wà, owó orí ọjà tún gorí rẹ̀. Àlejò sì ń san ju ọmọ onílùú lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún yín ní alẹ́, kó má di ìjà ní ìdájí. Dúróònù kò gbọ́dọ̀ bá yín wọlé.

*Àyẹ̀wò:* Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ti tọ̀, ẹ ti pa ohùn fóònù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ka ilẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ohùn

Ìgbésẹ̀ yìí ló ya ẹni tó rí i sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí wọ́n sọ fún pé “ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ ni”.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Lóru, àmọ̀tẹ́kùn fẹ́ràn láti rin ojú ọ̀nà jíìpù torí pé iyanrìn ibẹ̀ rọ̀, igbó ò sì ní máa fà á lára. Bí ẹ bá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀. Ó rí róbótó, ìka mẹ́rin níwájú, kò sì ní àmì èékánná, nítorí pé ó máa ń ká èékánná rẹ̀ sínú bó bá ń rìn. Ẹsẹ̀ tó ní ojú èékánná lókè, tó sì gùn díẹ̀, ajáko ló ni ín. Bí etí ẹsẹ̀ náà bá ṣì mú, tó sì wà lórí ipa táyà àná, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Bí ipa táyà bá ti gun orí rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ohùn. Ẹranko mẹ́ta ló ń bá yín ṣọ́ igbó lọ́fẹ̀ẹ́. Àgbọ̀nrín alámì tótòtó ló pọ̀ jù. Bó bá rí àmọ̀tẹ́kùn, á han lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn náà á mú, á sì tún han lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Àgbọ̀nrín ńlá tí wọ́n ń pè ní sambar máa ń ké pẹ̀lú ohùn tó ṣe bí fèrè mọ́tò àtijọ́. Ọ̀bọ eléérú onírù gígùn, langur, máa ń hú bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, tí á sì máa fo láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka.

Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn gbọ́ ìhan kan kó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́tò. Àgbọ̀nrín máa ń han nítorí ajáko, nígbà mìíràn nítorí ẹ̀ka igi tó já. Ìhan kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Ohun tí ẹ ń wá ni èyí: ìhan tó ń tún ara rẹ̀ sọ, kó sì wá láti ẹnu ẹranko oríṣi méjì. Bí ọ̀bọ bá wà nínú rẹ̀, ẹ gbà á gbọ́, nítorí orí igi ló wà, ó ń rí ohun tí àgbọ̀nrín ò rí. Ẹ wá wo ojú wọn. Àgbọ̀nrín tó rí ewu kì í sá lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á dúró gbagidi, á gbé ìrù sókè, á máa fi ẹsẹ̀ iwájú kan ilẹ̀, á sì tẹjú mọ́ ibì kan. Ibi tó ń wò ni kí ẹ fi báínọ́kúlà wò.

Bí ohùn náà bá ń ṣí kúrò, tó ti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, àmọ̀tẹ́kùn ń rìn ni. Ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ bi awakọ̀ pé ọ̀nà wo ló wà níwájú rẹ̀, kí ẹ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì.

*Àyẹ̀wò:* Kí wákàtí àkọ́kọ́ tó parí, ẹ gbọ́dọ̀ ti dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán láti fetí sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa. Bí jíìpù ò bá tíì dákẹ́ rí látìgbà tí ẹ ti wọlé, àdéhùn àná ti bàjẹ́. Ẹ rán awakọ̀ létí pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ jókòó

Ẹ mú ibi mẹ́ta péré: etí omi tó ní igi ibòji, ìdí àpáta tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn sí, àti igi palu tàbí weera ńlá tó ní ẹ̀ka tó nà gbọọrọ. Ẹ lo ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn yín.

Ojú tí ń wá odindi àmọ̀tẹ́kùn kì í rí i. Apá kan lára rẹ̀ ni kí ẹ máa wá: ìrù tó so rọ̀ láti orí ẹ̀ka, etí kan tó gbọ̀n, ikùn funfun tó yọ sábẹ́ igi. Ẹ wo ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé òpin. Bí ẹ bá rí ẹ̀ka tó sanra láàárín ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ tún un wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpáta: òkúta tó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ kì í gbé orí sókè.

Yóò sú yín. Bó bá ń sú yín, ẹ wo ọ̀nì létí omi, ẹ wo ẹyẹ. Ṣùgbọ́n kí ẹ má sọ̀kalẹ̀ o. Àyàfi ní ibi tí ìjọba yàn, bíi etíkun Patanangala ní Yala, níbi tí ìrántí àwọn tí omi òkun gbé lọ ní ọdún 2004 wà, ẹsẹ̀ yín kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹranko mìíràn ti gbàgbé pé ẹ wà níbẹ̀. Bí àgbọ̀nrín bá ń mumi níwájú yín láìgbórí wò yín, ẹ ti jókòó dáadáa.

Ìgbésẹ̀ 6: Nígbà tó bá yọ

Ẹnu dídákẹ́ ni àkọ́kọ́. Ẹ má dìde, ẹ má nawọ́ síta, ẹ má ní kí awakọ̀ súnmọ́ ọn. Bó bá fẹ́ ré ọ̀nà kọjá, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un. Jíìpù tó dí i lọ́nà ló ń lé e padà sínú igbó. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò ó tẹ́rùn, kí ẹ tó gbé fóònù. Ẹ pa iná kámẹ́rà.

Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, jíìpù mìíràn á dé, wọ́n á sì máa ti ara wọn. Bó bá di rúgúdù, ẹ jáde kúrò níbẹ̀. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ti ná owó tó pọ̀, ṣùgbọ́n níbi tí jíìpù mẹ́tàdínlógún ti ń jà fún àyè kan, ẹ̀yìn jíìpù ni ẹ máa yà ní fọ́tò. Ẹ yí lọ sí ọ̀nà kejì, ibi tó ṣeé ṣe kó ti jáde, kí ẹ dúró síbẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ó lọ nígbà tó wù ú, ní ìrìn tirẹ̀. Bó bá sáré, a ti ṣe nǹkan tí kò tọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Erin, àti ọ̀nà àbájáde

Àmọ̀tẹ́kùn kọ́ ni mo bẹ̀rù ní Yala, erin ni. Akọ tó ń da omi dúdú láti ẹ̀bátí wà ní àsìkò tí ara ń yá a láti gun abo, ó sì lè bínú láìnídìí. Bí erin bá na etí síta, tó ń mi orí, tó sì dúró sójú kan tó ń wò yín, ẹ ní kí awakọ̀ fà sẹ́yìn jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹ má pariwo, ẹ má ju oúnjẹ sí i. Ẹ má sì máa wo eyín rẹ̀ láti mọ̀ bóyá akọ ni, torí pé díẹ̀ nínú akọ erin Sri Lanka ló ní eyín gígùn.

Ìdajì wákàtí tó kẹ́yìn ni ewu pọ̀ jù lójú ọ̀nà, torí pé gbogbo awakọ̀ ń sáré lọ bá ẹnu ọ̀nà kí aago mẹ́fà tó lù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í padà ní aago márùn-ún kọjá díẹ̀. Ojú ọ̀nà náà ni àmọ̀tẹ́kùn máa ń bọ́ sí bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nìkan ló sì ń rí i. Bí ẹ bá jáde tán, ẹ san owó ìdúpẹ́ fún awakọ̀ bí ẹ ṣe ṣèlérí, kí ẹ sì fún amọ̀nà ìjọba ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ọ̀kan bá bá yín wọ jíìpù.

Bí ìwọlé mẹ́ta bá kọjá láìrí i

Ó ń ṣẹlẹ̀, kódà fún ẹni tó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí ọjọ́ bá ṣì kù, ẹ má lo gbogbo rẹ̀ tán sí Yala. Ẹ kọjá sí Udawalawe, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Tissa, níbi tí erin ti wà ní gbogbo ọdún létí adágún ńlá. Bó bá jẹ́ oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án ni, Minneriya ni kí ẹ forí lé: omi adágún tí ọba Mahasena gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹta á ti fà, koríko tútù á ti hù sí ilẹ̀ rẹ̀, erin á sì máa wọ́ wá láti igbó gbogbo, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn nígbà mìíràn. Aago mẹ́ta ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọlé níbẹ̀, kì í ṣe àárọ̀. Tí ẹ bá sì gba Udawalawe, ẹ ó rí àwọn erin tó dúró sẹ́yìn wáyà lẹ́bàá títì, tí àwọn èèyàn ń fún ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ ní kí awakọ̀ máa lọ.